Ta Ni Ó Ń Gba Owó Obìnrin Yìí?

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ilé fídíò kan wà ní Ìdànrè, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Bẹ́ǹṣì pákó mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n gbé ka orí àpótí, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé tí ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ti inú ilé mọ́lẹ̀. Bí kì í bá ṣe fíìmù àwọn ará Ṣáínà tó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé, rẹ́sílìn ni. Àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn géńdé tó ti oko dé á gba bẹ́ǹṣì, ẹ̀fọn á sì máa jẹ gbogbo wa láìṣojúsàájú.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Chyna. Òyìnbó obìnrin onírun dúdú gígùn, tí apá rẹ̀ ki ju ti onífídíò lọ. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jeff Jarrett ló kojú. Ìjà oṣù October 1999 ni, àmọ́ kó tó di pé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa, ọdún ti yí. Ohun èlò ilé ìdáná ni wọ́n fi ń lu ara wọn: abọ́, páànù, àti oríṣiríṣi nǹkan tí ó yẹ kó wà lẹ́bàá ààrò. Ọkùnrin yìí ti ń bú àwọn obìnrin káàkiri tẹ́lẹ̀ pé ilé ìdáná ni ààyè wọn. Nígbà tí Chyna wá nà án tó sì gba bẹ́líìtì, ilé fídíò dàrú. Ẹnìkan tilẹ̀ ju fìlà sókè, fáànù gbá a.

Ìyá kan wà tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà. Ariwo yẹn ló jẹ́ kó yọrí wọlé. Ó wo obìnrin náà bó ṣe gbé bẹ́líìtì sókè, ó ní, "Ṣé wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

Inú bí ọ̀kan nínú àwọn géńdé. "Ẹ̀yin ìyá yìí náà! Ìjà ojú ayé ni, Mà."

Ìyá náà mi orí. "Ó dáa. Ta ni ó ń gba owó obìnrin yìí?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Gúgúrú la wá rà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló bi í léèrè owó? Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Mo ti ka ìtàn àwọn obìnrin oníjàkadì Amẹ́ríkà, mo ti tẹ̀ lé ti àwọn obìnrin tiwa náà, mo sì ti wá gbà pé ìbéèrè méjì tí ìyá yẹn bi wá ló gbé gbogbo ìtàn náà ró. Èkíní rọrùn. Èkejì ló ń dun ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó wọ agbo ni wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí. Bí wọ́n ṣe ń ju ara wọn mọ́lẹ̀ ń dunni lóòótọ́, eegun a máa kán, orúnkún a máa yẹ̀, àmọ́ òpin ìjà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń jà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ èyí á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ Yorùbá ni kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ẹdẹ, lọ́jọ́ ọdún Ọbàtálá, àwọn àwòrò méjì, Àjàgẹmọ àti Olúnwí, a máa kojú ara wọn ní gbangba. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Àjàgẹmọ ni wọn yóò ṣẹ́gun, pé wọn yóò gbé e lọ, pé Tìmì, ọba ìlú, ni yóò san owó ìràpadà kó tó padà. Lọ́dọọdún ni, bákan náà ló sì ń rí. Ní Ọ̀fà, ìlú tí wọ́n fi ìjàkadì kì, ọba àti olóyè rẹ̀, Ẹ̀sà, a máa gbá ara wọn mú lọ́jọ́ ọdún. Kò sẹ́ni tó ń dìde láàárín èrò pé kí wọ́n dá owó òun padà. Ìjà àjọsọ kì í ṣe irọ́ fún ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ìtàn ni wọ́n ń fi ara sọ.

Ṣùgbọ́n ní Ẹdẹ, àti ẹni tó borí àti ẹni tó ṣubú, òòṣà kan náà ni wọ́n jọ ń sìn. Ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò ló ń kọ òpin ìjà, òun náà ló sì ń ka owó. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ti wọ́ nìyẹn.

Mildred Bliss ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Coffeyville, ìlú kékeré kan ní Kansas, lọ́dún 1915. Mildred Burke ni ayé padà mọ̀ ọ́n sí. Ó kéré ní ìdúró, ó ki, iṣan ara rẹ̀ yọ bí ti ẹni tó ń fi orí ru àpò kòkó. Iṣẹ́ agbóúnjẹ-fóníbàárà ló ń ṣe kó tó rí ìjàkadì, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti rí oorun sùn. Ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Billy Wolfe, oníjàkadì tó ti ń darúgbó sídìí iṣẹ́, pé kó kọ́ òun. Wolfe kò fẹ́. Ọgbọ́n tó dá ni pé kó sọ fún ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó gbé ọmọ yìí sókè lẹ́ẹ̀kan, kó là á mọ́lẹ̀, kó lè padà sídìí abọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́. Mildred wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé e, ó là á mọ́lẹ̀. Bí Wolfe ṣe gbà láti kọ́ ọ nìyẹn, bó sì ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn nígbà tó yá. Bó bá jẹ́ pé ó mọ ohun tí ìgbéyàwó yẹn máa ná an ni, bóyá ì bá ti padà sídìí abọ́ lóòótọ́.

Àsìkò tí owó wọ́n ní Amẹ́ríkà ni, láàárín 1930 sí 1940. Àwọn àgọ́ àríyá máa ń kiri láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ẹṣin onígi àti ẹni tó ń gbé iná mì. Wolfe gbé ìyàwó rẹ̀ sínú àgọ́ kan, ó kéde pé ọkùnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ ju ti Mildred lọ, tó bá lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10, dọ́là 25 ni tirẹ̀. Dọ́là 25 lásìkò yẹn, owó ńlá ni. Àwọn àgbẹ̀ jáde, àwọn awakùsà jáde, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí níwájú àfẹ́sọ́nà wọn jáde. Wọn kò jọ sọ ọ̀kankan nínú ìjà wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀. Owó náà sì ń dúró sínú àpò Wolfe.

Ní January 1937, ní Chattanooga, Tennessee, Mildred na Clara Mortensen, ó gba oyè obìnrin tó lágbára jù lọ láyé, ó sì dì í mú fún ohun tó lé ní ọdún 15. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọkùnrin wà lójú ogun, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kún gbọ̀ngàn. Dáyámọ́ńdì ló ń wọ̀ wá síbi ìjà. Aṣọ ìlékè rẹ̀ funfun, yóò bọ́ ọ níwájú èrò, yóò na ọwọ́ tí òrùka kún. Àwọn ìwé ìròyìn á ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò, Wolfe ni ó ń pín owó, Wolfe ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jà níbo. Òun náà ló sì ń bá àwọn ọmọbìnrin abẹ́ rẹ̀ ṣèṣekúṣe lójú ìyàwó. Ẹni tó bá gbà fún un, á fún un ní dáyámọ́ńdì. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ìtàn, bó bá wo àwọn òrùka yẹn nínú fọ́tò, kì í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Mildred ní òun fẹ́ máa ṣe òwò náà fúnra òun. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní National Wrestling Alliance, ọkùnrin nìkan ló wà níbẹ̀, wọn kò sì ṣe tán láti bá obìnrin dúnàá-dúrà bí ọ̀gá sí ọ̀gá. Ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í tì mọ́ ọn lójú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kan ló kù. Ní 20 August 1954, ní Atlanta, ó kojú June Byers, ìyàwó ọmọ Billy Wolfe. Ìjà ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi í ṣe: ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ẹnìkejì lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló ni oyè. Kò sí ẹni tó jọ sọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìjà gidi ni, láàárín obìnrin méjì tí wọ́n mọ ibi tó ń dun ara wọn. Orúnkún Mildred kò dá. Byers fi í lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tún dìde. Èkejì wá di gbá-mi-mú n gbá ọ mú, kò sọ̀rọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yí, ọwọ́ tó di ọwọ́ mú kò jẹ́ tú u. Àwọn èrò tó sanwó kí wọ́n lè rí ènìyàn tó ń fò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọn kò mọ ìjà gidi nígbà tí wọ́n rí i. Àwọn aláṣẹ dá ìjà náà dúró. Mildred jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun ṣubú, nítorí náà oyè òun ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ohun tí ìwé ìròyìn gbé jáde ni pé June Byers ló di ọba. Ta ló máa gbà á padà fún un? Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Los Angeles, kí ọdún 1954 sì tó parí ó ti gbé ìjà àwọn obìnrin dé Japan. Níbẹ̀ ló ti hù. Oyè tí Mildred dá sílẹ̀ náà ni àwọn ọmọbìnrin Japan ń dù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, níwájú èrò tó pọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ó kú lọ́dún 1989. Ọdún 2025 ni fíìmù nípa rẹ̀, *Queen of the Ring*, tó jáde sí sinimá.

Bí Wolfe ṣe ń wá owó kiri náà ni kò ṣe yọ àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ní Columbus, Ohio, ó gba àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta: Babs Wingo, Ethel Johnson àti Marva Scott. Ethel kò tí ì pé ogún ọdún rárá nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí jà ní ìpínlẹ̀ tí aláwọ̀ dúdú kò ti gbọdọ̀ jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú òyìnbó. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn nínú gbọ̀ngàn kì í gbà wọ́n sí hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́. Ethel Johnson kú lọ́dún 2018, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni ní WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2021, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí kò lè rí i mọ́. Èmi kì í fẹ́ràn ọlá tó ń dé lẹ́yìn ìsìnkú.

Ẹni tó gba ìjọba lọ́wọ́ Wolfe, obìnrin ni. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kà á, inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò yí. Lillian Ellison, ọmọ South Carolina, tí wọ́n ń pè ní Fabulous Moolah, gba oyè lọ́dún 1956. Òun náà ti jà lábẹ́ Wolfe rí, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kọ́ ilé àti ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Columbia, ó kó àwọn ọmọbìnrin jọ. Kò sí oníṣòwò tó fẹ́ obìnrin láti jà tí kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ọmọbìnrin tó jà tí kò ní yọ ìpín rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ jáde, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń rẹ́ àwọn jẹ, àti èyí tó burú jùyẹn lọ. Nígbà tí WWE fẹ́ sọ ìdíje àwọn obìnrin kan lórúkọ rẹ̀ lọ́dún 2018, àwọn òǹwòran kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ náà kúrò. Àmọ́ kí a má ṣe fi gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ lé e lórí. Ìjọba New York fi òfin de ìjàkadì obìnrin títí di 1972. Kò sí ẹni tó fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de àwọn ọkùnrin. Níbi tí ọ̀nà bá ti há tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń gba owó ibodè.

Lọ́dún 1983, Moolah ta oyè náà fún Vince McMahon, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó padà di WWE, bí ẹni ta ilẹ̀. Ní 23 July 1984, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wendi Richter gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Madison Square Garden. Cyndi Lauper, olórin tí gbogbo ọ̀dọ́ ń gbọ́ nígbà náà, ló dúró tì í, MTV sì gbé e sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ojú ọjọ́ mọ́. Richter wá ní iye tí wọ́n ń san fún òun kéré sí èrò tí òun ń fà. Ní 25 November 1985, wọ́n mú obìnrin kan wá bá a jà, ó fi aṣọ bojú, wọ́n pè é ní Spider Lady. Láàárín ìjà, obìnrin náà ká a mọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Richter gbé èjìká sókè kí kíkà tó pé, adájọ́ kò dúró, ó ka á parí. Richter rò pé àṣìṣe ni, ó ń bá ìjà lọ. Ó já aṣọ kúrò lójú ẹni náà. Moolah ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èyí tí wọ́n jọ sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yí i padà, ẹni tó yẹ kó mọ̀ nìkan ni wọn kò sọ fún. Richter kò bọ́ aṣọ ìjà. Bó ṣe wà yẹn ló jáde sínú òtútù, ó wọ takisí lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún rí i nílé-iṣẹ́ McMahon.

Mo máa ń rántí ìyá onígúgúrú bí mo bá dé ibi ìtàn yìí. Mo tún rántí rẹ̀ nígbà tí mo kà nípa ìjà Chyna àti Jarrett tí a wò ní Ìdànrè. Ohun tí àwọn tó mọ inú rẹ̀ ròyìn ni pé àdéhùn iṣẹ́ Jarrett ti parí kí ọjọ́ ìjà tó pé, kò sì gbà láti wọ agbo títí wọ́n fi san owó ńlá tó béèrè. Ẹni tó ṣubú ló kó owó lọ sílé. A ju fìlà fún obìnrin náà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Jacqueline Moore di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè àwọn obìnrin nílé-iṣẹ́ McMahon lọ́dún 1998. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin ní "Diva", tí wọ́n sì ń mú wọn bọ́ra sí péńpé láti fi pa àwọn ọkùnrin lẹ́rìn-ín. Mo rántí àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, mo sì rántí pé àwọn géńdé kì í jẹ́ kí àwa ọmọdé wò wọ́n. Ní February 2015, wọ́n fún àwọn obìnrin mẹ́rin ní ìjà tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, inú bí àwọn òǹwòran, wọ́n kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n sọ orúkọ "Diva" nù. Lọ́dún 2019, ìjà àwọn obìnrin ló kádìí WrestleMania, ìdíje ńlá ọdọọdún WWE, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 10 April 2021, obìnrin dúdú méjì, Bianca Belair àti Sasha Banks, ló kádìí alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Tampa. Belair ń sunkún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìjà àjọsọ ni. Ẹkún yẹn, mi ò rò pé wọ́n jọ sọ ọ́.

Ṣé obìnrin ń jà ní ilẹ̀ tiwa? Ní Casamance, ní gúúsù Senegal, àwọn ọmọbìnrin Diola ti ń jìjàkadì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí àwọn ọmọkùnrin ti ń jà. Ibẹ̀ ni Isabelle Sambou ti wá, láti abúlé Mlomp. Ó gba oyè Áfíríkà léraléra, ó sì ṣe ipò karùn-ún ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012. Nígbà kan náà, ní Dakar, ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní laamb ti di òwò ńlá, owó tí ọkùnrin kan ń gbà nínú ìjà kan lè kọ́ ilé. Obìnrin kò sí nínú laamb. Ní Kara, ní Togo, Evala àwọn Kabyè, ọmọkùnrin nìkan ni. Lọ́dọ̀ tiwa náà, orúkọ àwọn ọkùnrin ló kún inú ìtàn ìjàkadì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọbìnrin tó dàgbà ní Ìdànrè tí kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbá ara mú lórí iyanrìn rí. Bó bá ṣubú, wọ́n á ní "ṣé o ríyẹn?" Bó bá borí, ìyá rẹ̀ á pè é wọlé wá gúnyán.

Ìjàkadì tó wá ṣílẹ̀kùn fún wọn kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Òlíńpíìkì fi ìjàkadì obìnrin kún ìdíje rẹ̀ ní Athens lọ́dún 2004. Bó ṣe ń lọ nìyí, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, lórí ẹní tí wọ́n ya òbìrípo sí. Bí o bá gbé ẹni náà ṣubú, o gba àmì. Bí o bá tì í kọjá ilà, o gba àmì. Ṣùgbọ́n bí èjìká rẹ méjèèjì bá fi lè kan ilẹ̀ pọ̀, tí wọ́n dì ọ́ mú níbẹ̀, ó parí nìyẹn, bí àmì rẹ tilẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn òkun.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, Ọdúnayọ̀ Adékúorọ̀yẹ̀, tí wọ́n bí lọ́dún 1993, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ òfin wọ̀nyẹn. Ọmọ Àkúrẹ́ ni. Láti Ìdànrè sí Àkúrẹ́, kí orin mélòó kan ó tó parí lórí rédíò awakọ̀, ẹ ti ń wo ilé wọn. Lọ́dún 2014, ní Glasgow, ó na Lalita Sehrawat, ọmọ India, ó gba góòlù Commonwealth. Lọ́dún 2018, ní Gold Coast, India ló tún rán Pooja Dhanda sí i ní àṣekágbá. Ó nà án. Lọ́dún 2022, ní Birmingham, India tún mú Anshu Malik wá. Ó na ìyẹn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ọmọ India mẹ́ta, góòlù mẹ́ta. India tí mo ń sọ yìí, orílẹ̀-èdè tí ìjàkadì ti dà bí ẹ̀sìn ni, tí wọ́n ní ilé ìjàkadì ní abúlé àti ìlú ńlá. Ó tún gba idẹ níbi ìdíje àgbáyé lọ́dún 2015, fàdákà lọ́dún 2017, àti idẹ lọ́dún 2019.

Kò ṣẹlẹ̀ fún un ní Òlíńpíìkì. Ní Tokyo, ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Anastasia Nichita ti Moldova, àmì rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó ti wà níwájú dáadáa. Nichita yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èjìká méjèèjì kan ilẹ̀. Mo wò ó lórí fóònù, mo sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí àpò rẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó kọ òpin yẹn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni, wọn ì bá ti kọ ọ́ kó dìde.

Ìdíje yẹn náà ni Blessing Oborududu, ọmọ Bayelsa, tó ti gba oyè Áfíríkà ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ti gba fàdákà, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbà nínú ìjàkadì. Ọjọ́ 3 August 2021 ni. Ẹ rántí pé Daniel Igali, ọmọ Bayelsa bíi tirẹ̀, ti gba góòlù ní Sydney lọ́dún 2000, ṣùgbọ́n Kánádà ló gbà á fún. Igali padà wálé, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ ìjàkadì Nàìjíríà. Ẹni tó na Blessing ní àṣekágbá, 4 sí 1, ni Tamyra Mensah-Stock, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ghana. Bàbá náà kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ́dún 2009, nígbà tó ń darí bọ̀ láti ibi ìdíje ìjàkadì ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé gíga. Mensah-Stock ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba góòlù Òlíńpíìkì nínú ìjàkadì. Bẹ́ẹ̀ ni àṣekágbá yẹn ṣe di ti ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ọ̀kan wọ àwọ̀ ewé, ọ̀kan wọ ti Amẹ́ríkà.

Ibi tó kan mi jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2023, Mensah-Stock buwọ́ lùwé pẹ̀lú WWE. Wọ́n sọ ọ́ ní Tyra Mae Steele. Obìnrin tó na gbogbo ayé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú nígbà tí wọ́n bá ní kó ṣubú. Mi ò bá a wí. Góòlù kì í jẹ́ oúnjẹ, owó sì wà níbẹ̀, ju èyí tí ìjàkadì gidi máa fún un lọ. Ìyá onígúgúrú á ti bi í léèrè ẹni tó ń gbà á.

Ọ̀nà míì ti ń là báyìí. Esther Kọ́láwọlé, ọmọ tiwa náà, tó gba idẹ ní Birmingham, kọjá sí Grand View University ní Iowa, ó jìjàkadì níbẹ̀ bí ó ti ń kàwé. Ní January 2025, NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gba ìjàkadì obìnrin wọlé sí ìdíje ọlọ́lá rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ilé-ìwé tó pọ̀ sí i yóò máa wá ọmọbìnrin tó lè gbá ènìyàn mú, wọn yóò sì máa san owó ilé-ìwé fún un. Apá ibi tí wọ́n ti ń wá wọn kò jìnnà sí wa.

Ìyá onígúgúrú ti lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ta omi tútù àti mínírà báyìí, nítòsí ẹsẹ̀ òkè tí àwọn àlejò ti ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wo ìlú àtijọ́. Nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un, mo sì fi àṣekágbá Birmingham hàn án lórí fóònù. Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ Anshu Malik, ìgúnpá sún mọ́ ara, ojú kò ṣẹ́. Àǹtí náà ń wò ó pẹ̀lú ìgò mínírà lọ́wọ́.

"Ṣé wọ́n ti jọ sọ èyí tẹ́lẹ̀?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan."

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó pe ọmọ rẹ̀ tó ń fọ kúlà lẹ́yìn ilé pé kó máa bọ̀ kíá.

"Ọmọ ibo lẹ ní wọ́n pè é?"

"Àkúrẹ́."

"Àkúrẹ́ tiwa yìí?"